Omi Nìkan Kọ́ Ló Wò Mí Sàn

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé ikọ́ ife ló ń ṣe yín, ẹ jókòó ná, ẹ fara balẹ̀, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ṣe èmi tí mò ń kọ ọ́ yìí rí. Mo wúkọ́ títí mo fi ń pọ ẹ̀jẹ̀, mo rù kan eegun, mo ti múra ikú sílẹ̀, mo sì wà láàyè lónìí, mò ń jẹun, mò ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni ìròyìn ayọ̀ tí mo ní fún yín, ẹ dì í mú ṣinṣin. Ìyókù tí mo fẹ́ sọ, ìtìjú ló jẹ́ fún mi. Ìyàwó mi ní kí n má wulẹ̀ kọ ọ́. Ó ní ṣé èyí tójú ti tì mí sẹ́yìn ò tíì tó ni? Mo ní kò tíì tó.

Rédíò àti tẹlifísọ̀n ni mo máa ń tún ṣe ní Dùgbẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ la ń gbé ní Agbowó, èmi, ìyàwó mi àti Bọ́lá ọmọ wa. Mùsùlùmí ni bàbá tó bí mi, Múráínà ni wọ́n sọ mí. Nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà tí wọ́n sì rì mí bọmi, mo gba Sámúẹ́lì. Àwọn ẹbí mi ń pè mí ní Múrí, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè mí ní Bọ̀dá Sámù, mo sì ń dá gbogbo wọn lóhùn. Ẹ fi orúkọ méjèèjì yìí sọ́kàn, torí àárín wọn ni mo sá pamọ́ sí.

A kì í wọ bàtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, a kì í sì í lo òògùn. Omi tí Bàbá Wòlíì bá gbàdúrà sí, òun là ń pè ní omi ìyè, òun la fi ń wo ibà, orí fífọ́, inú rírun, ohun gbogbo. Ẹni tí wọ́n bá gbá mú pé ó lo òògùn, wọ́n á ní kó bọ́ sùtánà funfun sílẹ̀, kó lọ máa jókòó lẹ́yìn. Èmi ni olórí kúáyà, kò sì sẹ́ni tó le tó mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni mo máa ń yẹ báàgì àwọn akọrin wò ká tó wọlé. Tí mo bá rí hóró òògùn kan ṣoṣo, onítọ̀hún gbé! Mo ti lé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Títí kúrò ní kúáyà rí nítorí òògùn ẹ̀fọ́rí, bẹ́ẹ̀ òun ni ohùn rẹ̀ dùn jù nínú gbogbo wọn. Ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí níwájú gbogbo ẹgbẹ́ kí n tó gbà á padà. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni mò ń ṣe.

Ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ tèmi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé èéfín òjé tí mo fi ń jó wáyà ló wọ̀ mí lọ́fun. Nígbà tó yá, bí mo bá sùn, òógùn á bò mí, aṣọ mi á rin gbingbin, bẹ́ẹ̀ òtútù ló ń mú gbogbo èèyàn. Oúnjẹ ò wù mí jẹ mọ́. Ṣòkòtò mi ń jábọ́, mo lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì mi, mo tún lu òmíràn. Ìyàwó mi ní, “Bàbá Bọ́lá, ẹ̀ ń rù o.” Mo ní ààwẹ̀ ni. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀, mi ò kàn tíì mọ̀ ni.

Ọjọ́ kan, à ń kọ́ orin Àjíǹde lọ́wọ́, mo fẹ́ gbé ohùn fún wọn, ikọ́ gbá mi mú. Mo fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Nígbà tí mo gbé e kúrò, ẹ̀jẹ̀ ni. Mo yára ká a pọ̀ sínú àpò, mo ní kí wọ́n tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ikú ni mò ń rò. Ohun tí mò ń rò ni pé ṣé ẹnì kan ò rí i báyìí.

Mo lọ sọ fún Bàbá Wòlíì. Àgbàlagbà jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn, ohun tí wọ́n bá sì sọ, wọ́n gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní ẹlẹ́tàn. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀, kí n máa mu omi ìyè láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo gbààwẹ̀. Ẹni tí oúnjẹ ò wù jẹ tẹ́lẹ̀ tún wá ń gbààwẹ̀! Ara mi túbọ̀ ń lọ. Màámi gbọ́, wọ́n ru ìkòkò àgbo láti Ìsẹ́yìn wá, wọ́n ní ọwọ́ ayé ni, pé ẹnì kan ló ń ṣe mí. Mo ní mi ò lè mu àgbo. Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ mi, wọ́n bú sẹ́kún. “Múrí, ṣé èmi ni kí n wá sin ẹ́ ni?” Ìyàwó mi ò mọ ti ẹni tí yóò ṣe mọ́. Èmi sì wà láàárín wọn, mò ń wúkọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Jímọ̀, ni wọ́n wá gé ọ̀rọ̀ náà. Àpáta ni wọ́n ń gbé, pákó ni wọ́n ń tà ní Bódìjà. Wọ́n wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Wọn ò tiẹ̀ dá ìyàwó mi tó kúnlẹ̀ kí wọn lóhùn.

“Múrí, ṣé ìwọ rèé?”

“Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá.”

“Ẹ káàbọ̀ ti kí ni? Dìde. Wọ bàtà.”

“Bọ̀dá, ẹ̀sìn mi ò gba—”

“Èmi ò bá ẹ̀sìn ẹ jà. Bó o bá kú tán, ta ló máa ṣe ẹ̀sìn náà? Ṣé Wòlíì ló máa bá ẹ tọ́ Bọ́lá ni? Dìde kí n tó gbé ẹ!”

Wọ́n gbé mi lóòótọ́. Ọkùnrin tó ti ń gbé pákó látàárọ̀, mi ò lè wúwo lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé mi sí iwájú píkọ́ọ̀pù wọn, a gba Ṣàngó lọ sí Jericho. Gbogbo ibi tí mo bá ti rí ẹni tó jọ ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, màá tẹ orí mọ́lẹ̀ bíi pé mò ń wá nǹkan nílẹ̀ mọ́tò.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n gbé mi lọ, níbi tí igi pọ̀ sí. Bẹ́ńṣì gígùn wà níta, gbogbo wa jókòó síbẹ̀, kálukú fi aṣọ bo ẹnu. A ò wo ojú ara wa. Wọ́n fún mi ní agolo kékeré kan kí n wúkọ́ tutọ́ sí i, wọ́n sì ya fọ́tò àyà mi. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bèèrè orúkọ, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ní, “Múráínà.” Mo ti rò ó láti inú mọ́tò. Bí ará ṣọ́ọ̀ṣì kan bá tilẹ̀ wà lórí bẹ́ńṣì yẹn, tí wọ́n bá pariwo orúkọ mi, kò sẹ́ni tó mọ Múráínà nínú wọn.

Dókítà ò fi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó ní ikọ́ ife ni, ó ń pa èèyàn, ó sì ṣeé wò sàn bí mo bá lè máa gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, kí n sì máa lo hóró òògùn fún oṣù gbọọrọ láìfo ọjọ́ kankan. “Ara ẹ máa yá kí òògùn tó tán,” ó ní. “Ìgbà yẹn gan-an ni kó o má dáwọ́ dúró o. Bó o bá dáwọ́ dúró, ó máa padà wá, ó sì máa le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.” Ẹ̀yin tó ń ka èyí, bẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Òògùn wọ́n nílùú nígbà náà. Mílíìkì àti ẹyin tí wọ́n ní kí n máa jẹ, ó ti di nǹkan àwọn olówó. Mo ta tẹlifísọ̀n tiwa gan-an, Bọ́lá wá di ẹni tó ń lọ rọ̀ mọ́ fèrèsé ilé kejì kó tó rí tẹlifísọ̀n wò, ọmọ ẹni tó ń tún un ṣe. Láràárọ̀ kùtù, màá sọ̀ kalẹ̀ ní Dùgbẹ̀ bíi pé ṣọ́ọ̀bù ni mò ń lọ, màá fa fìlà bojú, màá fẹsẹ̀ rìn dé Jericho lọ gba abẹ́rẹ́. Ìdí mi le gbagidi. Nílé, màá da hóró òògùn sẹ́nu, màá fi omi ìyè gbé e mì. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, màá wọ sùtánà mi, màá dúró níwájú kúáyà. Múráínà ń gba abẹ́rẹ́, Sámúẹ́lì ń mu omi.

Díẹ̀díẹ̀, òógùn òru dá. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí, èmi tí mò ń jẹun ṣíbí méjì wá ń bèèrè àfikún. Inú ìyàwó mi dùn débi pé ó ń sunkún nídìí ìkòkò. Ara mi ń kún padà, ṣọ́ọ̀ṣì rí i. Bàbá Wòlíì dì mọ́ mi, omijé ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ní, “Sámúẹ́lì, o gbọ́dọ̀ jẹ́rìí.” Ǹ bá wí pé ẹ jẹ́ kí ara mi le dáadáa ná. Mi ò wí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, orí pẹpẹ ló ti ń jẹ́ ẹ. Mo gun orí pẹpẹ, mo sọ bí mo ṣe rù, mo sọ ti ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń ké halelúyà. Ká ní mo dúró níbẹ̀! Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo ti sọ títí dé ibẹ̀, Ọlọ́run sì ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo yẹn dùn létí mi, mo fẹ́ kó pọ̀ sí i. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní, “Èmi Sámúẹ́lì ò fi ẹnu kan òògùn kankan. Omi nìkan ni!” Ilé fẹ́ẹ̀ wó. Agogo ń dún, wọ́n ń fò. Èmi sì ti bá ara mi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé irọ́ kọ́ nìyẹn, torí Sámúẹ́lì kọ́ ló lo òògùn. Ẹ wo ọgbọ́n! Àgbà ọkùnrin, mo rò pé Ọlọ́run ò mọ̀ pé Múrí ló ń jẹ́ Sámù. Mo ṣíjú wo apá ibi táwọn obìnrin jókòó sí, mo rí ìyàwó mi. Ó sorí kọ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò.

Oṣù mélòó kan kọjá. Mo ṣì ń lo hóró òògùn mi ní kọ̀rọ̀ bí dókítà ṣe wí. Ọjọ́ kan ni Títí wọlé tọ̀ mí wá ní ṣọ́ọ̀bù, Títí tí mo lé kúrò ní kúáyà níjọ́sí. Irun ló ń ṣe fáwọn obìnrin ní Ṣàngó, oge ni, ara rẹ̀ sì máa ń dán. Mo wo ọrùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ti gbẹ, eegun yọ. Mo mọ irú ọrùn bẹ́ẹ̀, mo ti ní in rí.

“Bọ̀dá Sámù, ẹ bá mi yọ̀ o,” ó ń rẹ́rìn-ín. “Irú èyí tó ṣe yín ló ń ṣe èmi náà.” Ó wúkọ́, ó nu ẹnu. “Ẹ máà bínú sí mi, Bọ̀dá. Mo ti ń lọ gba abẹ́rẹ́ ní Jericho tẹ́lẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sán, kí ẹnì kankan má bàa rí mi. Ẹ̀rù yín ló bà mí tí mi ò fi sọ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ jẹ́rìí yẹn ni mo wá mọ̀ pé ìgbàgbọ́ mi ò tó. Mo délé, mo da gbogbo òògùn wọn sí gọ́tà. Omi nìkan ni mò ń mu báyìí, bíi tiyín.”

Hóró òògùn mi wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì tó fara tì. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo ní, “Ọlọ́run á ṣe é.” Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo jókòó síwájú rédíò tí mo tú palẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo ti bá a dé mọ́.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ìyàwó mi ká ọwọ́ lérí.

“Ẹ sì dákẹ́?”

“Kí ni ǹ bá sọ?”

“Òótọ́ ni, Bàbá Bọ́lá! Òótọ́ lẹ ò bá sọ! Ọmọ ọlọ́mọ ń kú lọ, ẹ̀ ń gbọ́ ti orúkọ.”

Síbẹ̀ mo tún fi falẹ̀. Ọjọ́ kan ń lé ọjọ́ kan, mò ń sọ pé màá lọ lọ́la. Ìgbà tí wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ká máa rántí Sísítà Títí nínú àdúrà, pé kò lè dìde mọ́, ni mo tó fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tó ń gbé pẹ̀lú àǹtí rẹ̀ ní Ṣàngó.

Orí ẹní ló wà. Ìgò omi ìyè tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, abẹ́rẹ́, hóró òògùn, fìlà tí mo fi ń bojú, gbogbo rẹ̀ pátá. Mo rò pé á bú mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Bọ̀dá, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń dán ìgbàgbọ́ mi wò ni.”

“Títí, òótọ́ ni mò ń sọ.”

“Orí pẹpẹ lẹ dúró sí lẹ jẹ́ ẹ̀rí àkọ́kọ́, láìwọ bàtà, ẹnikẹ́ni kì í sì í parọ́ níbẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín báyìí.”

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Sálúbàtà mi ṣì wà níbẹ̀. Mo yọ káàdì ilé ìwòsàn mi jáde, mo nà án sí i. Ó kà á, ó gbójú sókè.

“Ta ni Múráínà?”

Mo ní èmi ni. Ó mi orí, ó dá káàdì padà fún mi, ó ní, “Ẹ máa gbàdúrà fún mi, Bọ̀dá.” Ohun tí mo fi pa ara mi mọ́ ló wá dí mi lọ́wọ́ yẹn. Mo rìn láti Ṣàngó dé Agbowó, mi ò wọ mọ́tò. Mò ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà bíi wèrè. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè mú ọmọ yẹn padà síbi abẹ́rẹ́, mo sì mọ ohun tó jẹ́. Mo kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi wá òmíràn ni.

Mo kọ́kọ́ tọ Bàbá Wòlíì lọ. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé ìparí. Wọ́n bọ́ díńgí ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń nù ún.

“Mélòó ló ti gbàgbọ́ nítorí ẹ̀rí rẹ, Sámúẹ́lì? Ṣé o fẹ́ wó wọn lulẹ̀?”

“Bàbá, Títí ń kú lọ.”

“A ó gbàdúrà fún un. Dákẹ́ ná.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn èèyàn gbé Títí wá láti gbàdúrà fún un, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní níwájú. Mo wọ sùtánà mi. Mo di hóró òògùn mi sínú aṣọ, mo fi í sínú àpò. Nígbà tí àkókò ẹ̀rí dé, mo gun orí pẹpẹ láìwọ bàtà. Bọ́lá wà láàárín àwọn ọmọdé, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó rò pé ohun rere ni bàbá òun tún fẹ́ sọ. Ká ní ilẹ̀ lè lanu gbé mi mì, ǹ bá wọ̀ ọ́.

Mo ní, “Múráínà lorúkọ tí bàbá mi sọ mí. Mo parọ́ fún yín níbí.” Mo tú òògùn, mo dà á sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé e sókè kí Títí lè rí i. Mo dà á sẹ́nu, mo gbé omi ìyè tó wà lórí pẹpẹ, mo fi gbé e mì. Mo ní, “Bí mo ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyí, látìgbà tí mo ti ṣàìsàn títí di òní. Títí, má kú nítorí mi.”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà kígbe pé kí wọ́n mú mi kúrò níbẹ̀. Ẹnì kan ń lu agogo láti fi bo ohùn mi. Obìnrin kan ní ẹ̀mí àìmọ́ ló wọ̀ mí. Bọ́lá bú sẹ́kún, mò ń gbọ́ ọ láàárín gbogbo ariwo náà. Bàbá Wòlíì jókòó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Títí gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀ lórí ẹní. Ohùn rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ọ, èmi náà sì gbọ́ ọ.

“Bọ̀dá, kí ni mo fi ṣe yín?”

“Kò sí,” mo ní. “Mo kàn fẹ́ kí wọ́n máa yìn mí ni.”

Wọ́n bọ́ sùtánà lọ́rùn mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi ti jáde lọ pe Bọ̀dá Jímọ̀ tí wọ́n ń dúró níta, ó ti bá wọn sọ ọ́ sílẹ̀ láìsọ fún mi. Títí ní kí wọ́n gbé òun, píkọ́ọ̀pù pákó yẹn náà la sì fi gbé òun àti àǹtí rẹ̀ lọ sí Jericho. Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì wò ó, ó kígbe mọ́ ọn pé níbo ló ti wà. Èmi ló yẹ kí n dáhùn, mo wo ilẹ̀.

Wọ́n dá a dúró sínú wọ́ọ̀dù fún oṣù púpọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ń gbé ẹyin àti ọbẹ̀ lọ fún un, ó ń gbà á. Bí èmi bá wọlé, á kọjú sí ògiri. Mi ò dá a lẹ́bi. Màá gbé ìjókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá jókòó díẹ̀, màá lọ. Láàárín ìgbà náà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ò gbé rédíò wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Bọ́lá dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó ní wọ́n ń pe òun ní ọmọ onírọ́. Ó bi mí pé kí lòun máa sọ fún wọn. Mo ní kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bàbá òun ti jẹ́wọ́. Kí ni mo tún lè fi kọ́ ọmọ náà?

Ọjọ́ tí Títí bá mi sọ̀rọ̀, mi ò retí rẹ̀. Ó ti ń jókòó síta wọ́ọ̀dù lábẹ́ igi nígbà náà. Ó ní kí n jókòó. Ó ní, “Mo ti dárí jì yín, Bọ̀dá. Mo ti gbàdúrà sí i, ó sì ti kúrò lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n ẹ máà sọ fún mi pé kí n wá kọrin o.” Dókítà ti sọ fún un pé apá kan inú àyà rẹ̀ ò lè padà bọ̀ sípò, torí oṣù tó fi sílẹ̀ láìlo òògùn. Kò lè gbé orin kan parí kí èémí tó tán. Mo fi ojú mi pamọ́ sínú ọwọ́ mi, mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sunkún tán.

Ara mi dá báyìí. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi kẹ́yìn, wọ́n ní ó mọ́. Etí mi òsì ló ń hó látìgbà abẹ́rẹ́, kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Dókítà ní ó máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀, pé ká ní mo tètè sọ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, bí etí yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kíá, ẹ má ṣe bíi tèmi tó ń fi gbogbo nǹkan pamọ́. Mo ṣì ń ṣe ẹ̀sìn mi. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, Bàbá Wòlíì gbé rédíò wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ rédíò yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Wọ́n jókòó pẹ́. Wọ́n ní àwọn ò tíì gbà pé òògùn dára, ṣùgbọ́n àwọn ti ní kí wọ́n má yẹ báàgì ẹnikẹ́ni wò mọ́. Mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ni mò ń jókòó. Mo ṣì ń mu omi ìyè. Mo gbà pé Ọlọ́run ló wò mí sàn, tomi tòògùn. Òun kọ́ ló ní kí n parọ́ nítorí òun.

Mo máa ń rò ó tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n máa sọ nípa mi lọ́jọ́ tí mo bá kú. Mo ti ń gbọ́ ọ láyé báyìí. Bí ikọ́ bá mú ẹnì kan ládùúgbò, tẹ́rù bá ń bà á, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń mú un wá, èmi àti Títí la sì jọ ń mú un lọ sí Jericho. Lórí bẹ́ńṣì yẹn, Títí ló máa ń sọ̀rọ̀, torí òun ni wọ́n ń gbà gbọ́. Á sinmi díẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kí èémí lè bá a. Á na ọwọ́ sí mi, á ní, “Ẹ wo Bọ̀dá yìí. Àwọn ni wọ́n parọ́ fún mi lórí pẹpẹ tí mo fi da òògùn nù. Àwọn náà ni wọ́n gbé mi padà wá síbí. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Bọ̀dá Múráínà?”

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì á yíjú sí mi. Kò tíì sí ìgbà kankan tójú ò tì mí. Màá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”